Tíì Ọjọ́rú ní ṣọ́ọ̀ṣì òyìnbó kan ní Sheffield: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó má di pé mo tan yín jẹ: tíì wọn ò dáa. Omi gbígbóná, àpò tíì kan tí wọ́n rì bọ inú ife lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹni ń ṣe ìrìbọmi fún un, wọ́n á da mílíìkì tútù lé e lórí, ó parí. Tó bá jẹ́ ti tíì nìkan ni, ìràwọ̀ kan péré ni ǹ bá fún wọn. Ti mẹ́ta tó kù ló mú mi jókòó kọ nǹkan yìí, ẹ fara balẹ̀, ó máa gùn díẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì náà, mi ò gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn, mo sì ní ẹ̀sùn tí mo fẹ́ fi kàn wọ́n. Ẹ ṣáà mọ̀ pé Sheffield ló wà, ìlú olókè kan ní England tó jẹ́ pé tí ẹ bá gbé àpò gaàrí gun Spital Hill ẹ máa rántí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ yín kí ẹ tó dé òkè. Ilé òkúta tó ti dúdú ni, àwọn tó ń jọ́sìn níbẹ̀ lọ́jọ́ Sunday ò tó ogójì, àgbàlagbà sì ni gbogbo wọn. Gbogbo Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá sí aago kan, wọ́n á ṣí gbọ̀ngàn ẹ̀yìn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ àlejò nílùú. Tíì, ọbẹ̀ olómi, búrẹ́dì, kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí wọ́n gbé kóòtù òtútù kọ́ sí, igun kan tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré, àti tábìlì kan tí bàbá kan máa ń jókòó tì láti bá èèyàn ka lẹ́tà. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀.

A dé ní September 2023. Masters ni mo wá ṣe, mo mú ọkọ mi àti ọmọ wa obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì dání. Àwa bọ́ sí i kí ilẹ̀kùn tó tì ni o, torí láti January 2024 ni ìjọba ti ní ẹni tó bá wá ka masters lásán ò gbọdọ̀ mú ọkọ tàbí aya wá mọ́. Kí wọ́n tó fún wa ní fíṣà, a ti san owó NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba wọn, 470 pounds lórí orí kọ̀ọ̀kan fún ọdún kan, ọmọ ọdún méjì náà san, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, màá padà síbẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ilé tí a gbà, àgbá ìdọ̀tí mẹ́ta ló wà níwájú ẹ̀, dúdú, búlúù, búráùn, a ṣe bí ti àwọn aládùúgbò ni, a bá ń kó ìdọ̀tí jọ sínú ilé fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkọ mi á ní ká ṣáà ṣe sùúrù, wọn ò ní ṣàì wá sọ fún wa. Ta ló fẹ́ wá sọ fún wa? Lẹ́tà council tax, owó orí ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà, nìkan ló ń wá.

Sunday àkọ́kọ́, ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa la lọ, níbo la tún fẹ́ lọ? Mi ò ní sọ̀rọ̀ wọn láìdáa torí wọ́n ṣe wá dáadáa. Wọ́n ní kí àwọn tó ń wá fún ìgbà àkọ́kọ́ dìde, wọ́n kọrin fún wa, wọ́n bọ̀ wá lọ́wọ́, wọ́n fún wa ní báírò àti káàdì tí a kọ àdírẹ́sì sí, wọ́n fún wa ní jọ̀lọ́ọ̀fù àti adìyẹ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́kún, wọ́n gba nọ́ńbà. Láti ọjọ́ kejì ni àdúrà aago márùn-ún ìdájí ti ń wọlé lórí WhatsApp. Àmọ́ ọjọ́ tí mo fi lẹ́tà council tax han arákùnrin tó ń bójú tó àwọn ẹni tuntun, ó ní ká jọ gbà á ládùúrà. A gbà á lóòótọ́, a di ọwọ́ ara wa mú. Lẹ́tà kejì dé, wọ́n fi yíǹkì pupa kọ̀wé sí i lórí.

Obìnrin ará Zimbabwe kan tí a jọ wà ní kíláàsì ló sọ̀rọ̀ Ọjọ́rú yìí fún mi. Mo wọlé, mò ń wojú ká, mò ń wá ibi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ sílẹ̀, kò sí. Mò ń wá fọ́ọ̀mù, kò sí. Ìyá àgbà kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún fún mi ní bébà kékeré tó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, ó ní orúkọ tí mo bá fẹ́ kí wọ́n máa fi pè mí ni kí n kọ. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò gbọ́ rárá, ó ní "Ey up, love, tha looks nithered." Èmi tí mo ka Gẹ̀ẹ́sì jáde ní yunifásítì nílé! Mo dúró bí ère. Àṣé ó ń kí mi ni, ó ní ó jọ pé òtútù ti mú mi. Nígbà tí mi ò dáhùn, ó rọra fà mí lọ́wọ́ lọ sí kíláàsì àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè, olùkọ́ gbé ṣíbí sókè, ó ní kí la ń pe èyí.

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ tí mo ní sí wọn nìyẹn. Èèyàn dúdú bá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n á ti rò pé kò gbédè. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n tó mọ̀, ojú tì wọ́n, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n ní ṣé mo lè máa ran olùkọ́ lọ́wọ́. Bí mo ṣe di tíṣà láìgba kọ́bọ̀ nìyẹn o.

Ọjọ́ yẹn náà ni mo jókòó sí tábìlì bàbá onílẹ́tà. Iṣẹ́ council ló ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ó ka lẹ́tà pupa mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi kì í san council tax, kí n lọ gba ìwé lọ́wọ́ yunifásítì pé mò ń kàwé lọ́dọ̀ wọn, òun fúnra ẹ̀ bá mi kọ ìmeèlì náà, kò gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ló bá bi mí pé ṣé mo mọ ọjọ́ tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí ní àdúgbò wa. Ó ní dúdú fún ìdọ̀tí gidi, búlúù fún bébà àti páálí, búráùn fún ìgò, agolo àti ike omi. Mo délé, mo bú sẹ́kún. Ọkọ mi ní kí ló ṣẹlẹ̀, mo ní àgbá ìdọ̀tí ni.

Inú bí mi sí bàbá yìí lọ́jọ́ kan ṣá. Ọ̀rẹ́ mi kan tó wá pẹ̀lú fíṣà iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó gba lẹ́tà pé ìjọba ti gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó mú un wá, wọ́n fún un ní ọjọ́ 60 kó wá ẹlòmíì tó máa gbà á síṣẹ́ tàbí kó máa lọ. Ọmọbìnrin yìí ta ilẹ̀ bàbá ẹ̀ kó tó wá. Mo fà á lọ bá bàbá, bàbá ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun ò lè sọ nǹkan kan lórí fíṣà. Mo ní kí ló dé, ó ní òfin ọdún 1999 ló wà ńbẹ̀, ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, tí kì í ṣe lọ́yà, tó bá ń gbani nímọ̀ràn lórí fíṣà, ẹ̀ṣẹ̀ ló dá, wọ́n lè mú un. Mo rò pé ó ń yẹ iṣẹ́ ni. Àmọ́ ó gbé fóònù lójú wa, ó pe ọ́fíìsì àwọn tó ní ìwé àṣẹ, ó gba ọjọ́ fún ọ̀rẹ́ mi, nígbà tí ọjọ́ pé ó bá a wọ bọ́ọ̀sì lọ, ó jókòó sí ìta dè é. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹnì kan nínú àwọn tiwa, tí a jọ ń sọ "praise the Lord" fún ara wa, ń sọ fún un pé òun mọ ẹni tó lè ta CoS tuntun fún un, ìwé tí iléeṣẹ́ fi ń gba òṣìṣẹ́ láti òkè òkun, 7,000 pounds, kó san ìdajì ná. Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí gbèdéke pé kó tó rí ẹni gbà á. Kò san kọ́bọ̀ fún onítọ̀hún, ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó ní òun ò lè sọ nǹkan kan. Ìràwọ̀ àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta yẹn nìyẹn.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Baptist látinú oyún, ìwé Rúùtù wà lórí mi láti Sunday School. Ìfẹ́ Rúùtù sí ìyá ọkọ ẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ wa, ibi táwọn pásítọ̀ máa ń dé nìyẹn níbi ìgbéyàwó. Ìgbà tí mo ń fọ ife ní gbọ̀ngàn yẹn ni ọ̀rọ̀ pèéṣẹ́ tó wà nínú ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Léfítíkù 19 ní kí olóko má kórè dé igun oko ẹ̀, èyí tó bá já bọ́ sílẹ̀ kó má padà ṣà á, ti tálákà àti àlejò ni. Rúùtù sì nìyí, ará Móábù, àwọn èèyàn tí Diutarónómì 23 ní wọn ò gbọdọ̀ wọ ìjọ Olúwa títí dé ìran kẹwàá, a jẹ́ pé òfin ìlú ò fẹ́ irú ẹ̀ rárá, òfin oko ló fi rí oúnjẹ jẹ. Bóásì tó ni oko bèèrè pé ọmọ ta ni lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó ń bójú tó àwọn olùkórè ló bi, kò pe ọmọbìnrin náà síta pé kó wá sọ tẹnu ẹ̀. Ó kìlọ̀ fún àwọn ọmọkùnrin ẹ̀ pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, ó ní tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́ kó bu omi tí wọ́n ti pọn mu, ó tún sọ fún wọn pé kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ máa já díẹ̀ sílẹ̀ fún un látinú ìdì ọkà. Mi ò rí ibi tó ti ní kó dìde kí gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́ fún un.

Àwọn ọkùnrin tó pọ̀ jù ní Ọjọ́rú, ará Eritrea ni wọ́n, Sudan, Íráànù, àwọn tó wá tọrọ ààbò. Ẹni tó bá wà nínú ilé tó ti ń dáná fúnra ẹ̀ lára wọn, 49.18 pounds ni ìjọba ń fún un lọ́sẹ̀ ní 2024 yẹn, ìyẹn oúnjẹ, ìyẹn aṣọ, ìyẹn ọṣẹ, wọn ò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́. Bọ́ọ̀sì nígbà náà, 2 pounds ni àlọ nìkan, ó ti di 3 pounds láti January 2025, ẹ ṣírò ẹ̀. Nítorí náà ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn, nínú òjò, lórí òkè Sheffield. Ohun tí ṣọ́ọ̀ṣì yìí ṣe ni pé wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ agolo bísíkíìtì tó wà nítòsí ilẹ̀kùn. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ ṣe bí ẹni mú bísíkíìtì, ẹ mú tíkẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó ń ka iye tí ẹ mú, àwọn ìyá tó ń fọ abọ́ á kàn kọjú sí ògiri. Èmi náà ti mú un rí, lóṣù tí owó iṣẹ́ ọkọ mi pẹ́ kó tó wọlé. Ibẹ̀ ni ìràwọ̀ kejì ti wá.

Wọn kì í wàásù. Wọ́n á gbàdúrà kúkúrú sórí ọbẹ̀, ó tán. Ó ń jẹ mí lọ́kàn, mo bi ìyá àgbà yẹn lọ́jọ́ kan pé ṣé wọn ò ní sọ ọ̀rọ̀ Jésù fún àwọn èèyàn wọ̀nyí ni, ó wò mí, ó ní omi ti hó. (Mi ò lè pe ẹni tó tó ìyá ìyá mi lórúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí òun ṣe fẹ́ nìyẹn, "Mà" ni mò ń pè é, ó pẹ́ kó tó mọ̀ pé òun ni mò ń bá wí.) Wọ́n tún ní ọkùnrin ará Sudan kan tó máa ń kírun ọ̀sán, yàrá tí àlùfáà ti ń wọ aṣọ ni wọ́n ṣí fún un kó máa lò. Mi ò tíì parí èrò mi lórí ìyẹn. Ìyá mi nílé ní kí n má tún sọ ọ́ fún ẹlòmíì.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni bàbá kan tó ń fọ abọ́, torí kì í parọ́ fún mi. Ó sọ ọ́ sí mi lójú pé àlejò ti pọ̀ jù nílùú àwọn, pé ọmọ ọmọ òun ò rí ilé gbà, pé ẹ̀bi ìjọba ni. Ó ń sọ ọ́, ó ń fọ abọ́ tí a fi jẹun. Mo sọ ti 470 pounds fún un, ẹnu yà á, ó rò pé ọ̀fẹ́ ni NHS fún wa. Lọ́dún 2025, nígbà tí JD Vance igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà ní ìfẹ́ Kristẹni ní ètò, ìdílé ẹni ló kọ́kọ́, lẹ́yìn náà aládùúgbò, lẹ́yìn náà ìlú ẹni, kó tó kan àwọn tó kù, bàbá yìí ní ọ̀rọ̀ tòun gan-an ló sọ yẹn. Ní February ọdún yẹn Póòpù Francis kọ lẹ́tà sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà, ó ní kí wọ́n lọ wo ìtàn ará Samáríà tó ṣàánú kí wọ́n tó mọ bí ìfẹ́ ṣe ń tò. A bá ara wa jiyàn lórí ẹ̀ títí abọ́ fi tán. Ohun tí mo sọ fún un ni pé mi ò ní kí orílẹ̀-èdè má ní ẹnubodè, ilé tí kò nílẹ̀kùn kì í ṣe ilé, àmọ́ iṣẹ́ aṣọ́bodè yàtọ̀ sí iṣẹ́ ẹni tó ń bu ọbẹ̀, kí ṣọ́ọ̀ṣì má bá wọn dù ú. Ó ní ọ̀rọ̀ mi dùn létí, ó gbé aṣọ ìnu-abọ́ lé mi lọ́wọ́.

Tó bá dọ̀rọ̀ lílé àlejò, àwa náà ò mọ́, mo sọ ìyẹn náà fún un. Ìyá ìyá mi, Kumasi ló ti ń ta aṣọ, ibẹ̀ ló bí ìyá mi sí. Ní November 1969 ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n kúrò ní Ghana. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló dá ọ̀pọ̀ ìjọ Baptist ilẹ̀ Ghana sílẹ̀, nígbà tí wọ́n lé wọn, ṣọ́ọ̀ṣì ṣófo. Ìyá ìyá mi ta ẹrù ní ìdá mẹ́wàá iye tó rà á, ó dé ìlú ara ẹ̀ bí àlejò, ọmọ ẹ̀ ń sọ Twi, àwọn ọmọ àdúgbò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kí làwa wá ṣe? January 1983, ìjọba Shagari náà ní kí àwọn ará Ghana àti àwọn mìíràn tí kò níwèé máa lọ, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ náà ni, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan, àpò tí wọ́n fi kẹ́rù ló wá ń jẹ́ Ghana Must Go títí dòní. Ìyá ìyá mi gba obìnrin aránṣọ kan lára wọn sílé lásìkò yẹn, títí tó fi rí ọkọ̀. Kò bá wa sọ ọ́ rí, ìyá mi ló sọ ọ́ fún wa. Irú àpò yẹn náà ni mo fà wọ Sheffield.

Ìràwọ̀ kẹta, Ọjọ́rú 7 August 2024. Ẹ rántí pé lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn ọmọdé mẹ́ta ní Southport, irọ́ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì pé ẹni tó wá tọrọ ààbò ló ṣe é, ìlú dàrú. Lọ́jọ́ Sunday 4 August, wọ́n ya bo hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi àwọn tó ń tọrọ ààbò sí ní Manvers, lẹ́bàá Rotherham, kò jìnnà sí wa rárá, wọ́n fọ́ wíńdò, wọ́n ti àgbá tó ń jó sẹ́nu ọ̀nà, àwọn èèyàn wà nínú ẹ̀. Ní Ọjọ́rú, àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí wọ́n ní wọ́n tún máa kọlù kún orí WhatsApp, ọ́fíìsì àwọn lọ́yà fíṣà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọkọ mi ní kí n má jáde. Mo jáde ṣá, mo fi fìlà bo orí bí ẹni pé fìlà máa sọ mí di òyìnbó.

Mo dé ibẹ̀ ní aago mẹ́wàá ku díẹ̀. Ìyá àgbà gbé àga sí ẹnu ọ̀nà ìta, ó jókòó, ọ̀pá ẹ̀ wà lórí itan. Àwọn ìyá mẹ́ta míì dúró tì í. Bàbá onílẹ́tà wà ńbẹ̀. Bàbá tó ní a ti pọ̀ jù, tí kì í dé títí di aago mọ́kànlá torí oorun, òun ló dúró sítòsí títì jù, ó di apá, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo bi ìyá àgbà pé ṣé kò yẹ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn lónìí ni, ó ní Ọjọ́rú ni. Èèyàn méje péré ló wá nínú àwa àlejò. Ọbẹ̀ ṣẹ́kù gan-an, kò sẹ́ni tó kọlù wá, alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tú jáde ní ìlú oríṣiríṣi láti kọ̀yìn sí àwọn onírúgúdù náà. Bàbá onílẹ́tà sìn mí dé ibùdókọ̀.

Ó wá ku ìràwọ̀ tí mo yọ. Wákàtí wọn burú: aago mẹ́wàá sí aago kan Ọjọ́rú, èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, tó jẹ́ pé òun gan-an ló nílò ẹ̀, orí iṣẹ́ ló wà, mo ti bá wọn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta pé kí wọ́n ṣe ọjọ́ kan nírọ̀lẹ́, wọ́n ní ó ti rẹ àwọn, mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Kóòtù wọn, ti àwọn tín-ín-rín nìkan, èyí tó lè wọ ìyá Yorùbá tó ti bímọ kò sí. Gbọ̀ngàn yẹn tutù, ẹ má tan ara yín, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì. Wọn ò sì lè pe orúkọ mi títí dòní.

Ọbẹ̀ wọn, ànàmọ́ òyìnbó àti ewé àlùbọ́sà kan báyìí, omi gbígbóná tó ní èrò rere ni. Mo ra ata gígún ní Spital Hill, mo rọ ọ́ sínú ìgò, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀, mo kọ "HOT" sí i lára gàdàgbà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bá ìgò náà ní ìdajì. Mo ṣe bí àwọn ará Eritrea ni. Ìyá àgbà ló jẹ́wọ́, ó ní òun máa ń bu díẹ̀ lọ sílé lálẹ́ Ọjọ́rú, òun ń fi í jẹ ẹyin.